Ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ Russell

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ̀yin àti àwọn òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn àdììtú inú ìmọ̀ lójíìkì, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí a ṣe ń ronú láìtakora, inú mi sì dùn gidigidi pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí àyè nínú ìwé ìròyìn tí a fi èdè wa kọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí n kò lè fojú fò dá, nítorí pé ẹni tó bá gbà á bí òǹkọ̀wé yín ṣe gbé e kalẹ̀ yóò ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ láti ìpìlẹ̀. Òǹkọ̀wé yín sọ ìtàn onígbàjámọ̀ kan tó máa ń fá irùngbọ̀n gbogbo ọkùnrin ìlú rẹ̀ tí kì í fá tiwọn fúnra wọn, tí kì í sì í fá ti ẹlòmíràn lẹ́yìn wọn. Ó bi wá bóyá onígbàjámọ̀ yìí ń fá irùngbọ̀n ara rẹ̀, ó sì fi hàn pé bí a bá ní ó ń fá a, kò gbọdọ̀ fá a, bí a bá sì ní kì í fá a, dandan ni kó fá a. Títí dé ibẹ̀, kò sí àṣìṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ibi tó ti sọ pé èyí gan-an ni àdììtú tí Bertrand Russell, onímọ̀ òye ọmọ Bìrìtéènì, rí, àti pé ó fi hàn pé làákàyè ọmọ aráyé kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìtàn onígbàjámọ̀ kò le rárá. Ohun tí àlàyé òǹkọ̀wé yín fi múlẹ̀ ni pé irú onígbàjámọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí, kò sì lè sí láéláé. Ta ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé ó wà? Bí ẹnìkan bá sọ pé òun mọ ọkùnrin kan tó ga ju gbogbo ọkùnrin lọ, títí kan ara rẹ̀, a kò ní í pariwo pé làákàyè ti dojú dé; a óò kàn dá a lóhùn pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Russell fúnra rẹ̀ mọ èyí. Nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1918, ó sọ pé ìtàn onígbàjámọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n dábàá fún òun, pé kò dúró fún àdììtú tòun bó ti yẹ, nítorí pé títú rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó bá wá gbájú mọ́ onígbàjámọ̀ ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Kí wá ni ẹ̀tẹ̀ náà? Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní àkójọ ni ohun kan ṣoṣo tó dúró fún ọ̀pọ̀ nǹkan lápapọ̀, bí àkójọ àwọn nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba, tàbí àkójọ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí oòrùn po. Láti mọ àkójọ kan, kò sí ohun mìíràn tí a nílò ju pé kí a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Àkójọ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kò sí nínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àkójọ gbogbo ohun tí kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì bá wà, òun náà kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà yóò wà nínú ara rẹ̀. Wàyí o, ẹ mú gbogbo àkójọ tí kò sí nínú ara wọn, kí ẹ kó wọn pọ̀ sínú àkójọ kan. Ṣé àkójọ yìí wà nínú ara rẹ̀? Bí ó bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí kò sí nínú ara wọn, nítorí náà kò sí níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó ti ní àmúyẹ tí a fi ń wọlé, nítorí náà ó wà níbẹ̀.

Ẹnìkan lè ní kí a ṣe é bí a ti ṣe onígbàjámọ̀: kí a sọ pé kò sí irú àkójọ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Òótọ́ ni pé kò sí, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kò sí òfin kankan tí a ti gbà tẹ́lẹ̀ tó ní onígbàjámọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wà. Ní ti àkójọ, òfin náà wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ti ń fi ṣiṣẹ́ láìronú sí i: pé àmúyẹ yòówù tí a bá lè sọ lọ́nà tó yéni yékéyéké, gbogbo ohun tó ní àmúyẹ náà para pọ̀ di àkójọ kan. Kí ni kò yéni nínú pé ohun kan kò sí nínú ara rẹ̀? A ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó fún àkójọ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tán ni, ó sì bọ́ sí i geerege. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé àkójọ Russell kò sí gbọ́dọ̀ fi òfin yẹn sílẹ̀, tàbí kó gé e kù, kó sì sọ ibi tó ti gé e àti ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló gba gbogbo ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sì tíì sí ẹni tó ṣe é tí gbogbo onímọ̀ òye fọwọ́ sí.

Mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ bí Russell ṣe débẹ̀, nítorí pé kò jókòó láti hun ẹnà tí yóò fi da ènìyàn láàmú. Ọdún 1901 ni, ó ń yẹ ẹ̀rí kan wò tí Georg Cantor, tó ń kọ́ni ní yunifásítì Halle ní Jámánì, gbé jáde ní ọdún 1891. Ẹ̀rí náà sọ pé ohun yòówù tí a bá kó jọ, iye àwọn àkójọ tí a lè fà yọ lára wọn máa ń ju iye àwọn ohun náà fúnra wọn lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà mẹ́ta ṣàpẹẹrẹ rẹ̀, kí a mú 1, 2 àti 3. Àkójọ tí a lè fà yọ lára wọn jẹ́ 8, bí a bá ka èyí tí kò ní ohunkóhun nínú mọ́ ọn àti èyí tó ní gbogbo wọn. Ẹ fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan nínú àwọn àkójọ wọ̀nyí bó bá ṣe wù yín. Kí a ní ẹ fún 1 ní àkójọ tí 1 àti 2 wà nínú rẹ̀, ẹ fún 2 ní àkójọ òfìfo, ẹ sì fún 3 ní èyí tí 1 àti 3 wà nínú rẹ̀. Ẹ wá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá nọ́ńbà náà wà nínú àkójọ tí ó gbà. 1 wà nínú tirẹ̀, 3 wà nínú tirẹ̀, 2 kò sí nínú tirẹ̀. Bí a bá kó àwọn tí kò sí nínú tiwọn jọ, àkójọ tí 2 nìkan wà nínú rẹ̀ la óò rí, a kò sì fún nọ́ńbà kankan ní àkójọ yẹn. Bí ẹ bá tún ìpín náà pín, àkójọ mìíràn lè jáde, ṣùgbọ́n ẹ kò ní í rí ìpín kankan tó lè kárí, nítorí pé àkójọ tí a bá ṣe báyìí yóò yàtọ̀ sí ti 1 lórí ọ̀rọ̀ 1, yóò yàtọ̀ sí ti 2 lórí ọ̀rọ̀ 2, yóò sì yàtọ̀ sí ti 3 lórí ọ̀rọ̀ 3. Lóòótọ́, ẹni tó mọ̀ pé 8 ju 3 lọ kò nílò gbogbo wàhálà yìí. Agbára ẹ̀rí náà ni pé kò bìkítà nípa iye. Bó ṣe ṣiṣẹ́ fún nọ́ńbà mẹ́ta náà ló ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ohun tí kò lópin.

Ìbéèrè tó wá sí Russell lọ́kàn ni pé, àkójọ ohun gbogbo ńkọ́? Kò yẹ kí ohunkóhun pọ̀ jù ú lọ, nítorí pé gbogbo àkójọ tí a bá fà yọ lára rẹ̀, ohun ni àwọn náà, wọ́n sì ti wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rí Cantor ní àwọn àkójọ wọ̀nyẹn pọ̀ jù ú lọ. Russell kọ́kọ́ rò pé Cantor ló ṣe àṣìṣe níbì kan. Ó wá ṣe sí ohun gbogbo bí a ti ṣe sí 1, 2 àti 3: ó fún àkójọ kọ̀ọ̀kan ní ara rẹ̀, ó sì béèrè àwọn wo ni kò sí nínú tiwọn. Ibẹ̀ ni àkójọ gbogbo àkójọ tí kò sí nínú ara wọn ti yọjú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: àkójọ tí 2 nìkan wà nínú rẹ̀, tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, àti àkójọ tó wó ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìṣirò, ọ̀nà kan náà ni a gbà rí àwọn méjèèjì. Mi ò mọ ohun tó lẹ́wà tó èyí nínú gbogbo ìmọ̀ lójíìkì, ó sì dùn mí pé ìtàn onígbàjámọ̀ kò jẹ́ kí àwọn òǹkàwé rí i.

Kì í ṣe Russell nìkan ló kọsẹ̀ níbẹ̀; àwọn onímọ̀ ìṣirò mìíràn náà bá a pàdé. Cesare Burali-Forti ti gbé irú ìṣòro kan jáde ní ọdún 1897 lórí àwọn nọ́ńbà tí a fi ń to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, Cantor fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí Richard Dedekind ní ọdún 1899 pé àwọn ọ̀pọ̀ kan wà tí a kò lè kà sí ohun kan ṣoṣo láìbá ìtakora pàdé, Ernst Zermelo náà sì ti rí àdììtú Russell fúnra rẹ̀ ní Göttingen ní Jámánì. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Russell ló kan ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa dùn jù lọ.

Ẹni náà ni Gottlob Frege, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì Jena. Ohun tó fi ayé rẹ̀ lé ni láti fi hàn pé gbogbo òtítọ́ inú ìṣirò nọ́ńbà ni a lè fà yọ láti inú lójíìkì nìkan. Ìdìpọ̀ kìn-ín-ní ìwé ńlá rẹ̀ lórí èyí jáde ní ọdún 1893, ìdìpọ̀ kejì sì wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé nígbà tí lẹ́tà Russell dé, tí a kọ ní ọjọ́ 16 oṣù Òkúdù ọdún 1902. Frege fèsì ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Kò bínú, kò sì jiyàn lásán. Ó mọ lójú ẹsẹ̀ pé òfin karùn-ún òun ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Òfin náà sọ pé àkójọ àwọn ohun tó ní àmúyẹ kan àti àkójọ àwọn ohun tó ní àmúyẹ mìíràn jẹ́ ọ̀kan náà kìkì bí gbogbo ohun tó ní àmúyẹ ìkínní bá ní èkejì, tí gbogbo ohun tó ní èkejì sì ní ìkínní. Gbólóhùn yìí dà bí ohun tí ọmọdé lè fọwọ́ sí. Ohun tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ ni pé gbogbo àmúyẹ ló ní àkójọ tirẹ̀. Nígbà tí ìdìpọ̀ kejì jáde ní ọdún 1903, Frege ti fi àfikún kan sí i, nínú èyí tó gbé àdììtú náà kalẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́, tó gbà pé òfin náà kò fìgbà kan hàn gbangba bí àwọn yòókù, tó sì sọ pé gbogbo ẹni tó ti lo àkójọ nínú ẹ̀rí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó dábàá àtúnṣe kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò dúró.

Bóyá òǹkàwé kan yóò béèrè ìdí tí ìtakora kan ṣoṣo fi lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Ẹ wò ó. Kí a ní ohun kan jẹ́ òótọ́, kí ó sì tún jẹ́ pé kì í ṣe òótọ́. Níwọ̀n bó ti jẹ́ òótọ́, òótọ́ náà ni pé yálà ohun yẹn rí bẹ́ẹ̀ tàbí 1 àti 2 jẹ́ iye kan náà. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí kò ti jẹ́ òótọ́, apá kìn-ín-ní ti wó, apá kejì nìkan ló kù: 1 àti 2 di iye kan náà. Ohunkóhun tó bá wù wá la lè fi dípò 1 àti 2. Nínú ìwé Frege, nígbà náà, a lè fi ẹ̀rí gbe òtítọ́ àti irọ́ lẹ́sẹ̀ bákan náà, ìwé náà kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe pé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ṣòfò. Ní ọdún 1983 ni Crispin Wright fi yé àwọn onímọ̀ òye pé bí a bá yọ òfin karùn-ún kúrò, tí a fi ìlànà kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀, pé iye ọ̀wọ́ méjì dọ́gba nígbà tí a bá lè so ohun inú wọn pọ̀ ní méjì-méjì láìku ọ̀kan, ìṣirò nọ́ńbà yóò ṣì jáde bí Frege ṣe fẹ́.

Ní ti àtúnṣe, ọ̀nà pọ̀, mo sì rò pé ohun tó yẹ kí òǹkọ̀wé yín sọ fún wa ni iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń náni. Ní ọdún 1908, Russell dábàá pé kí a to gbogbo ohun sí ìpele-ìpele, kí àkójọ kan má lè ní ohunkóhun nínú àyàfi ohun tó wà ní ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òun àti Alfred North Whitehead sì fi ìdìpọ̀ ìwé mẹ́ta kọ́ ìmọ̀ ìṣirò lé e lórí láàrin ọdún 1910 sí 1913. Lábẹ́ ètò yìí, bíbéèrè bóyá àkójọ kan wà nínú ara rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 2 náà yóò di ọ̀pọ̀, ọ̀kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan, a ó sì ní láti kéde gẹ́gẹ́ bí òfin pé ohun tó wà láyé kò lópin, èyí tí kò jọ ọ̀rọ̀ lójíìkì mọ́.

Zermelo gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 1908 kan náà, ọ̀nà rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣirò ń tọ̀ títí di òní. Ó ní àmúyẹ nìkan kò tó láti dá àkójọ sílẹ̀. A gbọ́dọ̀ ní àkójọ kan nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí a tó lè fi àmúyẹ ṣa àwọn kan yọ nínú rẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí sọ àdììtú Russell dà. Ẹ mú àkójọ yòówù, kí a pè é ní A. Ẹ ṣa àwọn ohun inú rẹ̀ tí kò sí nínú ara wọn jọ, kí a pe ìyẹn ní B. Bí B bá wà nínú A, ìtakora àtijọ́ yóò padà. Nítorí náà B kò sí nínú A. A jẹ́ pé kò sí àkójọ kankan tó gba ohun gbogbo, nítorí pé àkójọ yòówù tí a bá mú wá, a mọ bí a ṣe máa rí ohun kan tí kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wó ilé Frege ti di ẹ̀rí tó mọ́lẹ̀ kedere lọ́wọ́ Zermelo. Ohun tó ná wa ni pé àkójọ gbogbo àkójọ ti lọ, àkójọ gbogbo ohun tí kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì náà sì ti bá a lọ.

Onímọ̀ ìṣirò John von Neumann bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn sí àdánù yẹn ní ọdún 1925, Paul Bernays àti Kurt Gödel sì tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ètò wọn, ohun yòówù tí a bá kó jọ ni wọ́n ń pè ní ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ tó bá sì lè wà nínú ohun mìíràn nìkan ló ń jẹ́ àkójọ. Ọ̀wọ́ gbogbo àkójọ wà, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò lè wà nínú ohunkóhun mìíràn. Ó wúlò púpọ̀ fún iṣẹ́, n kò sì bú àwọn tó ń lò ó. Ṣùgbọ́n ní tèmi, kò dáhùn ìbéèrè onímọ̀ òye. Bí ọ̀wọ́ bá jẹ́ ohun kan tí a lè dárúkọ, tí a lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, tí a sì lè fi wé ọ̀wọ́ mìíràn, kí ló ní kí a má lè kó méjì nínú wọn pọ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ìtakora ni yóò bí, a ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ń wá ni ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. W. V. Quine, onímọ̀ òye ọmọ Amẹ́ríkà, gbìyànjú ní ọdún 1937 láti dá àkójọ ohun gbogbo padà, ó sì rí i ṣe nípa fífi òfin de bí a ṣe ń kọ gbólóhùn àmúyẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí Cantor kò ṣiṣẹ́ lórí àkójọ ohun gbogbo náà mọ́, òfin tó fi dè é sì jọ òfin gírámà ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí nínú àkójọ fúnra rẹ̀.

Mo ní láti mẹ́nu kan ohun kan sí i. Òǹkọ̀wé yín ka ẹni tó sọ pé "Ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí, irọ́ ni" mọ́ àdììtú Russell bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Frank Ramsey ti yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ọdún 1925: àwọn kan kò lo ju ọ̀rọ̀ lójíìkì àti ìṣirò lọ, àwọn mìíràn sì gbára lé òótọ́, irọ́, ìtumọ̀ àti orúkọ. Òfin Zermelo lórí àkójọ kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó ń purọ́ yẹn, kò sì lè wò ó sàn. Àwọn kan ṣì ta ko ìpín yìí. Onímọ̀ òye Graham Priest jiyàn ní ọdún 1994 pé ìrísí kan náà ló wà lábẹ́ gbogbo wọn, ó sì tún gbà pé àwọn ìtakora kan jẹ́ òótọ́, èyí tó mú kó kọ̀ àlàyé tí mo ṣe lókè nípa 1 àti 2. N kò bá a lọ débẹ̀, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn tó ní làárí ni, ó sì yẹ kí a gbé e kalẹ̀ fún àwọn òǹkàwé gẹ́gẹ́ bí àríyànjiyàn.

Nítorí náà, olóòtú, mo bẹ̀ yín kí ẹ tún fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, kí òǹkọ̀wé yín sì fi làákàyè tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé sílẹ̀, kó mú ìbéèrè tó kù nílẹ̀ gan-an wá. Ẹ̀rí Zermelo sọ pé kò sí àkójọ kankan tó gba gbogbo àkójọ. Bí a bá sọ gbólóhùn yẹn, tí a sì gbà pé òótọ́ ni, àwọn wo ni "gbogbo" inú rẹ̀ ń tọ́ka sí? Bí wọ́n bá jẹ́ àpapọ̀ kan tó parí, a fẹ́ mọ ìdí tí àpapọ̀ náà kò fi jẹ́ àkójọ. Bí wọn kò bá sì jẹ́ àpapọ̀ kankan, tó jẹ́ pé àkójọ tuntun kò ní í yé yọ lẹ́yìn àwọn tí a ti ní lọ́kàn, kí wá ni a fi ẹnu wa sọ nígbà tí a ní "gbogbo"?

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan